Nígbà Tí Dísìkì Bá Dákẹ́: Bí Kernel Linux Ṣe Ń Gba Àṣẹ Tó Ti Jáde Padà

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń bójú tó sáfà níbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní dísìkì kan ń ṣe ségesège, ètò tó ń ka fáìlì lórí rẹ̀ dúró sójú kan, òun fi kill -9 lé e, kò kú. Ó wá ní: "Prof, kí ló dé tí Linux ò kàn lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kó gbà pé dísìkì yìí ò ní dáhùn mọ́, kó jẹ́ kí ètò náà máa bá tiẹ̀ lọ?"

Ìbéèrè gidi ni, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti bá irú rẹ̀ pàdé láìbi ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: kíka aago kò le rárá. Ohun tó le ni gbígba ohun tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni padà. Àmọ́ ìdáhùn kúkúrú yẹn kò ní wúlò fún un ní òru ọjọ́ tí sáfà bá dákẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Tí ètò kan bá fẹ́ ka fáìlì, kernel kọ́ ló ń lọ gbé e fúnra rẹ̀. Àṣẹ ló máa ń kọ: ka blọ́ọ̀kù báyìí-báyìí, iye tí mo fẹ́ rèé, àdírẹ́sì ibi tí wàá já a sí nínú mẹ́mórì náà rèé. Ó fi àṣẹ yìí lé controller lọ́wọ́, ó sì yíjú sí iṣẹ́ mìíràn. Dísìkì á wá dátà náà kàn, controller á sì kó o lọ já sínú mẹ́mórì ní tààrà, láìtún bi CPU léèrè. Òun là ń pè ní DMA. Ìgbà tó bá parí ló máa tó fi interrupt ta kernel lólobó pé òun ti jíṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé rí, ẹ ó tètè yé mi. Ẹ pe onítípà kan pé kó gbé yanrìn wá, ẹ sì júwe ilẹ̀ tó máa dà á sí fún un. Ẹ retí títí, kò dé. Ẹ pè é lórí fóònù, kò gbé e. Inú bí yín, ẹ ní kó má wulẹ̀ wá mọ́, ẹ sì fi ilẹ̀ yẹn háyà fún ìyá kan tó fẹ́ fi ṣe ìsọ̀. Ìyá náà kan ìsọ̀, ó pàtẹ ọjà. Ní òru ọjọ́ kẹta, onítípà dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ibi tí ẹ júwe fún un ló bá lọ, ó sì da yanrìn rẹ̀ sórí ọjà ìyá olójà.

Ewu tó wà nínú kí kernel kàn "sọ pé ó tó" nìyẹn gan-an. Mẹ́mórì tó júwe fún dísìkì ni ilẹ̀ yẹn. Tí kernel bá sọ fún ètò pé kíkà náà kò ṣeé ṣe, tó sì fi mẹ́mórì náà fún ẹlòmíràn, tí dísìkì wá jí lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú àáyá tó da dátà rẹ̀ síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ó lè jẹ́ inú àkáǹtì ẹnì kan ló dà á sí. Ó lè jẹ́ inú tábìlì tí kernel fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Kò ní sí àṣìṣe kankan tó máa hàn ní ojú ẹsẹ̀. Bóyá lọ́jọ́ kejì ni nǹkan máa bàjẹ́, níbi tí kò sẹ́ni tó máa fura sí dísìkì. Ìdí nìyí tí ètò ọmọ wa yìí fi dúró pẹ̀lú lẹ́tà D nínú ps, tí kill kò sì ràn án. Nígbà púpọ̀, kernel kò lè jẹ́ kí ètò kú nígbà tí àdírẹ́sì mẹ́mórì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ onítípà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 120, ẹ lè rí i kí kernel máa ráhùn nínú àkọsílẹ̀ pé iṣẹ́ kan ti dí fún àkókò tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ìráhùn lásán ni o, kì í pa nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo aago náà. Gbogbo àṣẹ tó bá jáde ni kernel máa ń so aago mọ́ lọ́rùn. Fún àwọn dísìkì tó ń gba abẹ́ SCSI kọjá, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n máa ń bá a níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Ẹ má rò pé dísìkì ayé àtijọ́ nìkan lèyí kàn. SATA àti USB pàápàá, abẹ́ ìbòrí SCSI ni Linux kó wọn sí. Ẹ lè ka nọ́ńbà náà nínú /sys/block/sda/device/timeout. NVMe náà ń lo 30 fún kíkà àti kíkọ, ó sì ń lo 60 fún àwọn àṣẹ ìṣàkóso.

Ṣé 30 pọ̀ ni àbí ó kéré? Dísìkì tó ń yí ní ìgbà 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan yóò ti yí nígbà 3600 kí aago yẹn tó dún. Lójú CPU, ọ̀rúndún kan ni. Àmọ́ iṣẹ́ kò dọ́gba. Tí kernel bá ní kí dísìkì tú gbogbo ohun tó wà nínú cache rẹ̀ sórí àwo, ó máa ń sọ àkókò di ìlọ́po méjì, nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lè pọ̀. Driver téèpù, ní tirẹ̀, ń fún àṣẹ lásán ní ìṣẹ́jú àáyá 900, ó sì ń fún àwọn iṣẹ́ gígùn bíi kí a pa gbogbo téèpù rẹ́ ní 14000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, téèpù kì í kánjú fún ẹnikẹ́ni.

Ó dáa, aago ti dún. Kí ló kàn?

Ohun àkọ́kọ́ tí kernel ní láti yanjú ni ìjà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Àkókò tí aago dún yẹn gan-an lè jẹ́ àkókò tí dísìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáhùn. Lórí CPU kan, iṣẹ́ interrupt ń sọ pé àṣẹ yìí ti parí, ẹ jẹ́ kí n kó o kúrò nílẹ̀. Lórí CPU kejì, iṣẹ́ timeout ń sọ pé àṣẹ yìí ti pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí n fagi lé e. Tí àwọn méjèèjì bá jọ gbé e, wọn yóò dá mẹ́mórì kan náà padà lẹ́ẹ̀méjì, tàbí kí ọ̀kan máa gbìyànjú láti fagi lé àṣẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tí Linux dá sí i kò ju bíìtì kan ṣoṣo lọ. Lára àkọsílẹ̀ àṣẹ SCSI kọ̀ọ̀kan ni bíìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní SCMD_STATE_COMPLETE. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí i láti òdo sí ení ló ni àṣẹ náà, nítorí pé CPU ń ṣe yíyẹ̀wò àti yíyípadà náà ní ìgbésẹ̀ kan tí ẹlòmíràn ò lè kó wọ àárín rẹ̀. Ẹni tó bá dé tó bá a ní ení, kó padà sílé. Nítorí náà, bí ìdáhùn dísìkì bá pẹ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí timeout ti gba bíìtì yẹn, kernel yóò rí ìdáhùn náà, yóò sì jù ú nù. Ó dà bí ìwà àìmoore, ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rògbòdìyàn ni.

Nísinsìnyí tí timeout ti ni àṣẹ náà, ó kan abort. Kernel kì í ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gbé iṣẹ́ náà sórí ìlà kan, kó dúró fún nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 10, kí driver tó ran iṣẹ́ sí dísìkì pé: àṣẹ tí mo fi nọ́ńbà báyìí rán ọ, fi sílẹ̀. ABORT TASK ni orúkọ rẹ̀ nínú èdè SCSI. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹni tí kò dáhùn ìpè àkọ́kọ́ náà lẹ tún ń pè, ẹ ń sọ fún un pé kó má wulẹ̀ dáhùn mọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń gbọ́, torí pé kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló dákẹ́, blọ́ọ̀kù kan péré ló há a sí. Nígbà mìíràn, kò ní gbọ́.

Ká sọ pé ó gbọ́, ó ní "mo ti fi í sílẹ̀". Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Níbí ni mo ti máa ń rí i tí àwọn ènìyàn ń ṣì í gbọ́. Abort tó yọrí sí rere kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kò wáyé. Tó bá jẹ́ kíkọ ni, dátà náà lè ti dé orí àwo pátá, ó lè dé ìdajì, ó lè má dé rárá. Ohun kan ṣoṣo tí abort ṣèlérí ni pé dísìkì kò ní fọwọ́ kan mẹ́mórì yẹn mọ́ nítorí àṣẹ yìí. Onítípà ti gbọ́ pé kó má wá mọ́. Ìyẹn ti tó kí kernel lè simi.

Nítorí náà, lẹ́yìn abort, kernel máa ń gbìyànjú láti tún àṣẹ náà rán, nítorí pé kíkọ ohun kan náà sórí blọ́ọ̀kù kan náà lẹ́ẹ̀kejì kò ba nǹkan jẹ́. Fún dísìkì, ìgbà márùn-ún ni àtúnṣe tí wọ́n fàyè gbà. Àmọ́ fún téèpù, driver rẹ̀ kò gbà kí a tún kíkọ ṣe rárá. Téèpù ti sún síwájú, ohun tí ẹ bá tún kọ yóò bọ́ sí ibòmíràn, ẹ ó sì wá ní ẹ̀dà méjì tàbí àfo láàárín. Tí àṣẹ tí a tún rán yìí bá sì tún pẹ́ kọjá àkókò, kernel kì í tún abort ṣe. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbé e lọ sókè.

Níbẹ̀ ni okùn iṣẹ́ kan ń gbé tí orúkọ rẹ̀ máa ń jẹ́ scsi_eh_0, scsi_eh_1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan fún controller kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rí i nínú ps ti ẹ̀rọ yín, ó máa ń sùn ni. Kí ó tó jí, ohun kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: gbogbo àṣẹ tó wà lóde lábẹ́ controller náà gbọ́dọ̀ ti parí tàbí kí wọ́n ti kùnà. Títí dìgbà yẹn, kò sí àṣẹ tuntun tó máa jáde. Ẹ rí i pé kì í ṣe dísìkì aláìsàn nìkan ló ń jìyà. Tí dísìkì mẹ́jọ bá wà lẹ́yìn controller kan, méje tó kù tí ara wọn le yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà gbogbo rí nìyẹn, láìkọ́kọ́ gbìyànjú abort lọ́tọ̀. Ìparí 2013 ni Hannes Reinecke kọ àtúnṣe tó jẹ́ kí abort máa ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìdá ìlú dúró. Lójú tèmi, àtúnṣe kékeré yẹn ṣe sáfà láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pariwo lọ.

Tí scsi_eh bá ti jí, ó ń lọ bí ẹjọ́ ṣe ń lọ nílé wa: ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ náà, tí kò bá gbọ́, ẹ pe bàbá rẹ̀, ẹ lọ bá baálé, kó tó wá di ọ̀rọ̀ ààfin. Ó máa tún dísìkì náà nìkan bẹ̀rẹ̀, á sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti wà ní sẹpẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ló máa fún un láti dáhùn. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó máa tún ẹ̀rọ tí dísìkì náà wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ọ̀nà tí wọ́n jọ wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà controller fúnra rẹ̀. Ìdí tí ó fi tò ó báyìí ni pé bí ẹ ṣe ń gòkè ni iye àwọn aláìṣẹ̀ tí ẹ ń kó wàhálà bá ń pọ̀ sí i. Reset controller máa ń da àṣẹ gbogbo ènìyàn nù. Tí gbogbo rẹ̀ bá já sí asán, ẹ ó rí gbólóhùn tó ń sọ pé "Device offlined - not ready after error recovery". Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìbéèrè tó bá lọ sí dísìkì yẹn yóò gba àṣìṣe lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn náà sì ni ètò ọmọ wa yóò tó kú, nítorí pé kò sí mẹ́mórì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo àtẹ̀gùn yìí lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀, ìdí nìyẹn tí eh_deadline fi wà: ẹ lè sọ fún kernel pé tí àkókò báyìí bá ti kọjá, kó fo àárín, kó kọrí sí controller tààrà.

NVMe kò gba àtẹ̀gùn yẹn. Ó kúrú púpọ̀. Tí aago bá dún, driver NVMe yóò kọ́kọ́ wo inú àpótí ìdáhùn fúnra rẹ̀, bóyá ìdáhùn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ pé interrupt ló sọnù lọ́nà. Tó bá bá a níbẹ̀, ó máa kọ "timeout, completion polled", iṣẹ́ sì ń lọ. Ẹ má fojú tín-ínrín gbólóhùn yẹn. Tó bá ń jáde léraléra, dísìkì yín kọ́ ló ń ṣàìsàn, ọ̀nà interrupt ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Tí kò bá sí ìdáhùn níbẹ̀, ó máa rán Abort, ó sì máa tún aago rẹ̀ ká. Ìlànà NVMe fúnra rẹ̀ kò fi dandan lé e pé kí abort ṣiṣẹ́. Dísìkì lè dáhùn pé òun ti gbọ́, kó sì fi bíìtì kan hàn pé òun ò rí àṣẹ náà fagi lé. Iye abort tó lè wà lóde lẹ́ẹ̀kan náà sì ní òpin tí controller fúnra rẹ̀ kéde. Tí aago bá dún lẹ́ẹ̀kejì lórí àṣẹ kan náà, kò sí àwíjàre, reset controller ló kàn.

Aside kan rèé fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà Amazon tó wà ní àwọsánmà. Níbẹ̀, dísìkì NVMe tí ẹ ń rí kì í ṣe dísìkì tó wà nínú àpótí yẹn, ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà díẹ̀, reset kò lè tún nǹkan kan ṣe. Wọ́n wá ń gbani níyànjú pé kí a gbé nvme_core.io_timeout sókè dé 4294967295, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà tó ga jù lọ tí bíìtì 32 lè gbà. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá ṣírò rẹ̀, ó lé ní ọdún 136. Ìyẹn ni pé, "máa retí, má dààmú ara rẹ." Ó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀. Ẹ má lọ gbé e sí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín o.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí SATA, torí ibẹ̀ ni mo rò pé dátà àwọn ènìyàn ti ń ṣòfò jù láìnídìí. Ẹ wo ìlà yìí, ọ̀pọ̀ yín ti rí irú rẹ̀ rí:

ata1.00: exception Emask 0x0 SAct 0x40000 SErr 0x0 action 0x6 frozen
ata1.00: failed command: READ FPDMA QUEUED
ata1: hard resetting link

SATA lè gba àṣẹ tó tó 32 lẹ́ẹ̀kan náà. Bíìtì kọ̀ọ̀kan nínú SAct dúró fún nọ́ńbà àṣẹ kan tó ṣì wà lóde. 0x40000 ní bíìtì kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ ti nọ́ńbà 18, nítorí náà àṣẹ kan péré ló há. Àmọ́ driver SATA kò ní ọ̀nà láti fagi lé ẹyọ kan kó fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi "di ojú ọ̀nà pa", tí í ṣe frozen, kí ìdáhùn tó bá pẹ́ dé má baà da nǹkan rú, lẹ́yìn náà ló tún okùn gbogbo ìbánisọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Kò sí abort pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbí.

Bọ́yá ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ. Dísìkì tí àwọn ènìyàn ń rà fún ilé, tó bá dé orí blọ́ọ̀kù tó ti bàjẹ́, ó máa ń tún un kà, tún un kà, tún un kà, fún ìṣẹ́jú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣe é rò pé ẹ̀dà kan ṣoṣo lẹ ní, ó sì fẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀. Kernel ní tirẹ̀ ń retí fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré. Àwọn méjèèjì ò jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí dísìkì ṣì ń tiraka, aago kernel dún, ó rán reset, dísìkì ò dáhùn nítorí iṣẹ́ ti gbà á lọ́kàn, kernel ní dísìkì yìí ti kú, ó sì gé e kúrò.

Tó bá jẹ́ dísìkì kan ṣoṣo ni, ó burú. Tó bá jẹ́ RAID, àjálù ni. Ẹ jẹ́ ká mú RAID 5 tó ní dísìkì mẹ́rin. Ọ̀kan kú ní tòótọ́, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo blọ́ọ̀kù tó wà lórí mẹ́ta yòókù kó lè tún tuntun náà kọ. Ìgbà yẹn ló máa kọ́kọ́ dé orí àwọn blọ́ọ̀kù tí kò sẹ́ni tó ti kà láti ọdún mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn bàjẹ́, blọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Dísìkì há sí i, aago 30 dún, kernel gé dísìkì kejì kúrò, gbogbo RAID ṣubú. Ẹ pàdánù ohun gbogbo nítorí báìtì 4096 tí bóyá kò tilẹ̀ sí fáìlì lórí rẹ̀. Dísìkì náà kò kú. Kò sí ohun tó ṣe é ju kí ó pẹ́ dáhùn lọ.

Àwọn dísìkì tí wọ́n ṣe fún RAID ní ohun tó ń jẹ́ SCT ERC, tí àwọn kan ń pè ní TLER. Ó ń sọ fún dísìkì pé tí ìṣẹ́jú àáyá 7 bá kọjá, kó jẹ́wọ́ pé òun ò rí i kà. RAID tó ṣì ní ẹ̀dà tó pé yóò gba ìjẹ́wọ́ yẹn, yóò ṣírò dátà náà láti ara àwọn dísìkì tó kù, yóò sì tún un kọ sórí blọ́ọ̀kù tó bàjẹ́ kí dísìkì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa ní kí RAID ka ara rẹ̀ wò látìgbàdégbà nígbà tí gbogbo dísìkì ṣì wà láàyè, kẹ́ ẹ má dúró di ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú.

Ẹ fi smartctl -l scterc /dev/sda wò ó bóyá tiyín ní in. Tó bá ní in tí kò sì ṣiṣẹ́, smartctl -l scterc,70,70 /dev/sda ló máa tan án, níbi tí 70 ti túmọ̀ sí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà àádọ́rin. Ẹ rántí pé lórí ọ̀pọ̀ dísìkì, tí iná bá lọ, ìṣètò náà lọ nìyẹn, ẹ fi sínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde. A kì í kúkú ṣàlàyé iná tó ń lọ fún ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Tí dísìkì yín ò bá ní SCT ERC rárá, ẹ sọ fún kernel pé kó ní sùúrù jù ú lọ: ẹ kọ 180 sínú /sys/block/sda/device/timeout. Ìyẹn yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́jọ́ tí blọ́ọ̀kù kan bá bàjẹ́. Inú àwọn oníbàárà lè má dùn, ṣùgbọ́n dátà wọn yóò wà níbẹ̀.

Ó ku ibi kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò. Ká sọ pé gbogbo ìgbìyànjú já sí asán, kernel sì dá EIO padà. Ọ̀pọ̀ ètò máa ń rò pé tí fsync bá kùnà, àwọn lè tún un pè. Ní 2018, àwọn tó ń kọ PostgreSQL wá rí i pé lórí Linux, lẹ́yìn tí kernel bá ti sọ àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan, ó lè sàmì sí ojú ìwé mẹ́mórì náà pé ó ti mọ́, kí fsync kejì sì dáhùn pé gbogbo rẹ̀ ti dáa nígbà tí dátà náà kò dé orí dísìkì rárá. Wọ́n yí ètò wọn padà ní oṣù kejì 2019. Láti ìgbà náà, tí fsync bá kùnà, PostgreSQL á dá ara rẹ̀ dúró pátápátá, á sì fi log rẹ̀ tún ohun gbogbo ṣe. Mo fara mọ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́" lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu dísìkì, kó má wá "bẹ́ẹ̀ ni" lọ sẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Fún ọmọ wa tó kọ̀wé: má tún fi kill lé ètò yẹn, má sì tíì tún sáfà bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ ka dmesg. Tó bá jẹ́ pé lórí blọ́ọ̀kù kan náà ló ti ń há ní gbogbo ìgbà, àwo dísìkì ló ń kú. Fi ddrescue da ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sórí òmíràn kó tó di pé o ṣe ohunkóhun mìíràn, títí kan fsck. Tó bá jẹ́ pé ibi tó wù ú ló ti ń há, tí ìlà SATA sì ń sọ pé òun ń dín ìyára kù sí 1.5 Gbps, lọ wo nọ́ńbà 199 nínú ohun tí smartctl -A kọ. Iye ìgbà tí dátà bàjẹ́ lójú ọ̀nà láàárín dísìkì àti controller ló ń kà. Tí iye yẹn bá ń lọ sókè, wáyà ni kó o pààrọ̀, kì í ṣe dísìkì.